Ẹ bá mi dárúkọ ètò tí atọ́kùn àti àlejò ti ń bú ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jà, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ni

Àkọ́bíBàbá:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, tẹlifíṣọ̀n ló kù tá a fi ń dá wọn lára yá. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo dá ọ̀ràn kan: mo fi Between Two Ferns hàn wọ́n, èyí tí Zach Galifianakis ti gba Barack Obama lálejò lọ́dún 2014. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: àga méjì, ewéko méjì nínú ìkòkò, àti atọ́kùn kan tó lejú koko bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, tó ń bi àwọn gbajúmọ̀ ní ìbéèrè tó lè dá ìjà sílẹ̀.

Bàbá mi ò mọ̀ pé àwàdà ni. Nígbà tí Zach bi Obama pé báwo ló ṣe ń rí lára láti jẹ́ ààrẹ aláwọ̀ dúdú tó máa jẹ kẹ́yìn, wọ́n ti nawọ́ sí rìmóòtù. "Ta ló bí eléyìí?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Obama wo ọmọkùnrin náà, ó ní ìwọ náà ńkọ́, báwo ló ṣe ń rí lára rẹ pé èyí lo máa bá ààrẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láyé rẹ? Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Látìgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí: "Àwọn tó ń bú ara wọn dà?"

Gbogbo èyí tí mo mọ̀ ti tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ òmíràn. Tọ̀túntòsì ni kó mọ̀ pé eré ni o, torí bàbá mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa dójú ti ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ bí ẹnu bá ti yá jù, ọ̀rọ̀ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn.

OlófòfóÒru:
Jimmy Kimmel, atọ́kùn ètò alẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti òṣèré Matt Damon! Ṣé ìyẹn náà tún ń bèèrè ni?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Láyé ìgbà tí ètò Kimmel ṣì kéré, tí àwọn àlejò ńlá ò tíì máa yà síbẹ̀, ètò kan ò dùn lálẹ́ ọjọ́ kan. Bó ṣe ń kádìí ẹ̀, ó kàn ní òun bẹ Matt Damon o, àkókò ti tán. Matt Damon ò sí nítòsí rárá. Kò sẹ́ni tó pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ló bá tún un sọ lọ́jọ́ kejì, ó tún un sọ lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọ̀tá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Damon wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé lóòótọ́, Kimmel ka oríkì ẹ̀ lọ rẹrẹ, fíìmù lórí fíìmù, ọkùnrin náà jáde, ó jókòó, Kimmel ní ó mà ṣe o, àkókò ti tán.

Lóṣù kìíní ọdún 2013, Damon gbẹ̀san. Ó fi téèpù de Kimmel mọ́ àga, ó dí i lẹ́nu, ó gba ètò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kimmel wà níbẹ̀ tó ń fojú sọ̀rọ̀. Sarah Silverman, tó jẹ́ ọ̀rẹ́bìnrin Kimmel nígbà kan rí, wà lára àwọn àlejò tó wá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí ló máa bá bàbá yín lára mu: bí wọ́n bá pa ohùn ẹ̀ rẹ́ pàápàá, ìyà tó ń jẹ ọkùnrin orí àga yẹn ò nílò Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tún wá ti Oscar 2017. Kimmel ló ṣe atọ́kùn. Nígbà tí Ben Affleck àti Damon jáde, "Ben Affleck àti àlejò" ni wọ́n fi kéde wọn. Bí Damon bá ti la ẹnu, Kimmel á fọwọ́ darí àwọn onílù àti onífèrè kí wọ́n fi orin bò ó mọ́lẹ̀.

ÀgbàÒǹwòran:
Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé ìgbà yín ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ti dàgbà, Don Rickles ni kẹ́ ẹ fún wọn. Iṣẹ́ tó jẹun láyé ẹ̀ ni pé kó máa bú èèyàn lójúkojú, káwọn tó ń bú sì máa sanwó láti wá gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ga jù fún un, títí kan Frank Sinatra.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá ni ti àpótí sìgá, 1976. Johnny Carson, atọ́kùn The Tonight Show, gba ìsinmi, Bob Newhart ló bá a di ètò náà mú, Rickles sì jẹ́ àlejò. Níbi tó ti ń ṣàpárá, ó gbá àpótí igi tí Carson máa ń kó sìgá sí lórí tábìlì, ó fọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Carson padà dé, ó rí àpótí ẹ̀. Wọ́n sọ ẹni tó ṣe é fún un. Rickles ń ya eré tirẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ tó wà lódìkejì. Carson gbéra lórí àga, kámẹ́rà tẹ̀ lé e, wọ́n jọ já wọ inú eré ọlọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí olùkọ́ tó mú ọmọ tó fọ́ fèrèsé. Ẹ wo ojú Rickles o. Ọkùnrin tó ní èsì fún gbogbo ayé ò rí nǹkan kan sọ.

AjàBíEré:
Ẹ gbàgbé gbogbo ìyẹn. Aláwàdà Andy Kaufman àti oníjàkadì Jerry Lawler lórí ètò David Letterman, oṣù keje 1982. Kaufman wé nǹkan tí wọ́n fi ń gbé ọrùn ró mọ́ ọrùn, nítorí ìjàkadì tó bá Lawler jà. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, Lawler dìde, ó fọ́ ọ létí, Kaufman ṣubú lórí àga. Kaufman padà wọlé, ó ń ṣépè, ó gbá tábìlì Letterman, ó da kọfí lu Lawler, ó sá. Wọ́n jọ ṣètò ẹ̀ ni! Kaufman kú ní 1984 láìtú àṣírí náà, Lawler sì pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀.

Adákẹ́Wò:
AjàBíEré, ṣé o ka ohun tí wọ́n béèrè ṣá? Bàbá yẹn máa pe ọlọ́pàá.

Mi ò ní kò dára. Mo ń sọ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti Kaufman, òǹwòran ni wọ́n ń tàn. Ti Obama yẹn, èmi àti ìwọ wà nínú ẹ̀, a mọ ohun tó ń lọ, a kàn ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa dárúkọ òṣèré Joaquin Phoenix fún ọ, 2009, tó fi irùngbọ̀n àti awò dúdú jókòó síwájú Letterman, tó ń dáhùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀rọ̀ ìdágbére Letterman dùn: ó ní ó dun òun pé kò lè wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu tirẹ̀ mú. Àmọ́ ìdajì ètò yẹn, inú mi ń rọ́ ni, mi ò rẹ́rìn-ín. Phoenix padà lọ síbẹ̀ ní 2010 láti ṣàlàyé pé torí fíìmù kan ni. Ẹ̀fẹ̀ tó ń fẹ́ àlàyé lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀yin ẹ wò ó.

ÌyáOníròyìn:
Mo fara mọ́ ohun tí Adákẹ́Wò sọ. Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí Bìrìtéènì díẹ̀, ibẹ̀ lọ́nà tiwọn.

Caroline Aherne ò tíì pé ẹni ogójì ọdún nígbà tó múra bí ìyá àgbà, tó ń pe ara ẹ̀ ní Mrs Merton, tó ń gbàlejò lórí BBC láàárín ọdún 1995 sí 1998. Debbie McGee wá, ìyàwó onídán Paul Daniels. Mrs Merton fohùn jẹ́jẹ́ bi í pé kí ló kọ́kọ́ fà á mọ́ra lára Paul Daniels olówó rẹpẹtẹ. Ẹ wo bó ṣe gbé e kalẹ̀. Kò ní owó lo tẹ̀ lé o. Ó kàn fi "olówó" há àárín ìbéèrè ìyá àgbà tó fẹ́ gbọ́ ìtàn ìfẹ́. Ká ní ọ̀dọ́langba kan ló bi í, àrífín ni. Lẹ́nu ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò síbi tó máa gbà. McGee fúnra ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Bí bàbá yín bá fẹ́ èyí tí ò lọ́rọ̀ nínú rárá, ẹ wá Rod Hull àti Emu lórí ètò Michael Parkinson, 1976. Ọmọlangidi ẹyẹ ńlá ni Emu, ọwọ́ Hull ló wà nínú ọrùn ẹ̀. Ẹyẹ náà kọ́kọ́ ń wò. Ó ṣá ìwé Parkinson jẹ. Ó mú un lẹ́sẹ̀. Kó o tó ṣẹ́jú, atọ́kùn tó níyì jù ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ti wà nílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Hull kàn ń wò bí ẹni tí ajá ẹ̀ ń jà lójú títì tí ò mọ ohun tó lè ṣe sí i. Parkinson kú ní 2023, títí ọjọ́ ogbó ló ń ráhùn pé pẹ̀lú gbogbo àwọn ẹni ńlá tí òun fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹyẹ yẹn ni wọ́n máa fi rántí òun.

Àkọ́bíBàbá:
Ẹ̀gbọ́n mi ÌyáOníròyìn, ọwọ́ yín ò ní ya. A wo Emu lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi ní kí n dá a dúró. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́lẹ̀ tọ́ka sí ojú tẹlifíṣọ̀n: "Ọwọ́ tó fi gbá ẹyẹ mọ́ra yẹn, ṣé o rí i pé kò mira?" Mo wò ó. Lóòótọ́, ọwọ́ kan jẹ́ ayédèrú. Ọdún tí mo ti ń wo fídíò yìí, mi ò rí i rí.

OlófòfóÒru:
Bàbá yìí, ẹ fi wọ́n ṣe olóòtú ètò.

ẸnuDùnJọyọ̀:
Atọ́kùn Conan O'Brien ló kù. Ẹ̀tàn òṣèré Paul Rudd. Láti 2004 títí ètò tẹlifíṣọ̀n Conan fi parí ní 2021, gbogbo ìgbà tí Rudd bá wá polówó fíìmù, á ṣàlàyé ìran tó fẹ́ fi hàn pẹ̀lú ojú àánú, á ní kí wọ́n gbé e sí i. Fíìmù tiẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa gbé sí i. Ìran kan náà látinú Mac and Me, fíìmù 1988: ọmọ kan lórí kẹ̀kẹ́ aláìlẹ́sẹ̀ yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ òkè, ó já sínú omi. Conan á binú, á ní o tún ti ṣe é. Lẹ́yìn ọdún méjì, á tún gbà á gbọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látìparí o, ẹ wò ó ní ẹsẹẹsẹ. Èkíní ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló ń pa èèyàn, torí ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀, Conan náà mọ̀, ojú Rudd ṣì funfun bí ti áńgẹ́lì.

Èyí tí aláwàdà Norm Macdonald ṣe níbẹ̀ ní 1997, tó jókòó ti òṣèrébìnrin tó ń polówó fíìmù tó sì ń fi fíìmù náà ṣe yẹ̀yẹ́, dùn mọ́ mi ju gbogbo ẹ̀ lọ. Àmọ́ orí Gẹ̀ẹ́sì ni àwàdà yẹn dúró lé. Ẹ fi ti bàbá sílẹ̀, ẹ̀yin ẹ wò ó.

ỌmọÈṣí:
Chicken Shop Date ńkọ́? Amelia Dimoldenberg, orí YouTube, láti 2014. Ó máa ń bá gbajúmọ̀ jókòó bíi pé wọ́n ń fẹ́ra, á wá máa wò wọ́n bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Kì í bú èèyàn. Á kàn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju eébú lọ.

ÀgbàÒǹwòran:
Bàbá ò ní mọ ìdajì àwọn àlejò yẹn, ọmọ mi. Ẹni tá ò mọ̀, kí la fẹ́ fi bíbú ẹ̀ ṣe?

Adákẹ́Wò:
Ohun kan tí mo gbàgbé. Àkọ́bíBàbá, Between Two Ferns ní fíìmù lórí Netflix, 2019. Ẹ má pa á bí orúkọ àwọn òṣèré bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ibi tó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ sí: Zach á bi àlejò ní ìbéèrè burúkú, kò ní lè parí ẹ̀, ẹ̀rín á gba ẹnu ẹ̀, àlejò náà á da orí kodò. Bí ẹ bá rí ibẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó ń lejú koko yẹn, inú ẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rín mì. Kẹ́ ẹ sì sọ fún bàbá pé ti Obama yẹn kì í ṣe eré lásán: ó wá ń pe àwọn ọ̀dọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbánigbófò ìlera lórí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà, ni, ibi tí fídíò yẹn wà ló sì darí èèyàn wá síbẹ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Àkọ́bíBàbá:
Mo dúpẹ́ o. A ti wo ti Kimmel tó wà lórí àga, a wo ti Oscar náà. Ti Rickles, bàbá mi wo ojú ọkùnrin náà tí Carson ń bá a wí, wọ́n ní "Ó mọ̀ ọ́n ṣe!", mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń yìn nínú àwọn méjèèjì.

Lálẹ́ yìí, mo wọ yàrá wọn láti kí wọn pé ó dàárọ̀. Wọ́n ti dùbúlẹ̀, wọ́n pajú dé. Mo ní, "Bàbá, ó dàárọ̀ o." Wọn ò la ojú. "Ẹ bá mi bẹ Matt Damon," ni wọ́n wí, "àkókò ti tán." Wọ́n sì nawọ́ pa iná.