Ìbọn bàbá mi tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́

Ọmọ Akẹ̀sán

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká sọ ohun tójú wa rí lórí ìbọn àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Iṣẹ́ tíṣà ni bàbá mi ṣe ní Ọ̀yọ́ níbí. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, a bá páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n fi òfì wé e. Ìbọn ìléwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin figbe ta. Ìgbà tí mo rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni ọkàn mi tó balẹ̀: Diana, Mod. 6. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń ta àmì lórí bébà, kì í lo ẹ̀tù.

Ẹ má wá rò pé torí pé kò lo ẹ̀tù, èèyàn kàn lè máa gbé e kiri o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù mọ́ èyí tó léèwọ̀. Ti afẹ́fẹ́ wà lára ìbọn àdáni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ níwèé àṣẹ ọlọ́pàá. Ìwé bàbá mi wà nínú páálí náà lóòótọ́, àmọ́ ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún tí ọmọ ń jẹ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé e lọ fún wọn lọ́jọ́ kẹta. Oṣù méje ló lò níbẹ̀ kí ìwé tèmi tó jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Mayer & Grammelspacher ní Rastatt, ní Jámánì, ló ṣe é; 1960 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá yin ìbọn onísípíríǹgì, písítìnì tó ta síwájú á mi ìbọn náà lọ́wọ́ yín. Eléyìí ní méjì. Ọ̀kan ń sáré síwájú, òun ló ń fún afẹ́fẹ́ tó ń ti ọta jáde. Èkejì ń sáré sẹ́yìn lákòókò kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pa agbára ti àkọ́kọ́ lọ. Gíà ló so wọ́n pọ̀. Ẹ ó yìn ín, á dákẹ́ sí yín lọ́wọ́ bí ọmọ tó sùn. Àmì ilé iṣẹ́ wọn ni obìnrin ọdẹ kan tó gbé ìbọn sókè, tó ń ju ọrun àti ọfà nù. Mo ní Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ rí i.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ yìn ín, ọta kò jìnnà sí ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ó tú u, nǹkan bíi gààrí tó ti pọ́n sì dà sílẹ̀: orí písítìnì ló ti gbó, tó ti rún. Kò sàmì sí eyín gíà kó tó fà á yọ. Bó ṣe dá a padà, písítìnì kan ń ṣíwájú èkejì, ìbọn tó ń dákẹ́ wá ń tàpá bí ìbaaka. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tú u ká tó bá a pàdé. Ti orí písítìnì ni Ọ̀yọ́ gbà mí sí: oníṣẹ́ awọ kan tó ń ṣe gàárì ẹṣin gé awọ róbótó kan fún mi, ó rẹ ẹ́ sínú òróró mọ́jú. Kò yá bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Èmi ni mo wá ṣe eléyìí tó kù. Mo ní kí ọ̀gá ọlọ́kadà bá mi fi sáńdípépà ha á kó máa dán. Ó ha á! Àwọ̀ dúdú aláró tí wọ́n pa á láti Jámánì lọ, díẹ̀ ló kù kí orúkọ ara rẹ̀ náà lọ. Ẹnì kan tó ń kó irú wọn jọ n'Ìbàdàn wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní ì bá sàn kí ó dípẹtà.

Ọdẹ Arówómọ́lẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣakabùlà ni tiwa l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ yin ti bàbá bàbá mi lọ́jọ́ ìsìnkú àgbà ọdẹ kan, alágbẹ̀dẹ fi ìka kan ọ̀pá rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní kí n lọ fi kọ́ ara ògiri bí mo bá ṣì fẹ́ ojú mi. Ibẹ̀ ló wà.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ọkọ mi ni kẹ́ ẹ bi. Ó sanwó fún ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìbọn Walther àtijọ́ ni. Ìṣáná ni wọ́n kó wá o, tó ní ìrísí ìbọn. Òun ni mo fi ń tan síítóòfù.

Ọmọ Akẹ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ má pa mí! Ó kéré tán, tiyín ń ṣiṣẹ́.

Mo gbàgbé láti sọ: àwọn bébà tí bàbá mi ta wà nínú páálí náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àárín bébà tí wọ́n ń lò báyìí fún mítà mẹ́wàá, mìlímítà 11.5 ni, kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Ní Sátidé, mo ta mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé, mẹ́ta ló wọ inú róbótó dúdú ńlá tí àárín náà wà. Ti bàbá mi, mẹ́sàn-án.