Ọjọ́ kan ní Monaco pẹ̀lú ìyá mi: mo ń béèrè ìmọ̀ràn yín

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Èmi àti ìyá mi yóò wà ní ìlú Nice, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nínú oṣù kẹsàn-án, a sì fẹ́ lọ lo ọjọ́ kan ní Monaco, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà nítòsí ibẹ̀, kí a padà wá sùn sí Nice. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin máa ń débẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń gba etí òkun ń fi omi han èrò dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́ lọ́nà. Èwo ni ẹ̀yin ìbá yàn?

Orúnkún ìyá mi ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Monaco kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 2 lọ, ṣùgbọ́n orí àpáta ni ààfin wà, a sì fẹ́ débẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ṣe pàṣípààrọ̀ nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán bá ku ìṣẹ́jú 5. Ṣé àwọn lífìtì ìgboro lè gbé wa dé ìtòsí ibẹ̀, àbí kí a wọ bọ́ọ̀sì láti ibùdókọ̀ ojú irin?

Ìyá mi fẹ́ràn Grace Kelly, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà tó di aya ọba Monaco, láti ìgbà èwe rẹ̀, nítorí náà a kò gbọdọ̀ má dé kàtídírà tí wọ́n sin ín sí ní 1982. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkun tí wọ́n ṣí ní 1910 kò jìnnà síbẹ̀. Ní ti ilé tẹ́tẹ́ Monte-Carlo, wíwo iwájú rẹ̀ ti tó wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé oúnjẹ ọjà La Condamine kò wọ́n jù?