Fọ́ọ̀mù 40 ni mo kọ sínú pùròpósà, 31 ni mo rí gbà

Akẹ́kọ̀ọ́ másításì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ ìwádìí mi ni. Èèyàn 40 ló yẹ kó kọ fọ́ọ̀mù ìbéèrè mi, 31 péré ló dá a padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọwọ́ ara mi kọ mẹ́sàn-án tó kù, pé ta ló máa mọ̀. Obìnrin kan nínú àwọn 31 yẹn tún ránṣẹ́ lánàá pé òun ò ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti lo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní orí kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́: Àbúrò, má dán an wò rárá! Kéèyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà kó máa dáhùn fún ẹni tí ò sí láyé, irọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, wọ́n lè torí ẹ̀ gba sátífíkéètì lọ́wọ́ ẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. A sì máa ń rí i. Mo máàkì irú ẹ̀ rí, fọ́ọ̀mù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ṣi sípẹ́lì, bákan náà ni wọ́n ṣe ṣì í. Kọ iye tó o pín, kọ iye tó padà, sọ ohun tí iye kékeré yẹn ò lè fi hàn. Kò sẹ́ni tó máa fèlì ẹ torí ìyẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ti obìnrin yẹn, ka fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tó o fún un. Tó bá wà níbẹ̀ pé ó lè yọwọ́ nígbàkigbà, yọ ọ́, má bi í léèrè ìdí, má sì bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára. Ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, láti 1932 di 1972, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní sífílíìsì ni àwọn dókítà ìjọba tó ń ṣèwádìí ń wò níran, wọn ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn, pẹnisílínì tó ń wò ó ti wà káàkiri kí 1947 tó parí, wọn ò fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé Belmont ti 1979 jáde, ìyẹn ìwé ìlànà fún ààbò àwọn tí wọ́n ń fi ṣèwádìí. Àwọn èèyàn yẹn ò rí àyè sọ pé àwọn ò ṣe mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ másításì: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pa fọ́ọ̀mù ẹ̀ rẹ́, mo yọ gbólóhùn méjèèjì tí mo mú nínú ẹ̀ kúrò ní orí kẹrin, mo sì ń ṣírò gbogbo tébù lákọ̀tun. Ó di 30. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí súpáfáísọ̀ mi láàárọ̀ yìí.