Ìwé ló burú ni, àbí kò kàn bá mi lára mu?

Akàwé_Òru:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. Ìwé ìtàn-àròsọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kọ èrò mi lé lórí, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: mo ti mọ ọ̀daràn kí ìtàn tó dé ìdajì. Ti ìfẹ́: ọ̀rọ̀ tí wọn ì bá jókòó yanjú ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń yan ara wọn lódì láti orí kẹrin títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti àràmàǹdà: orúkọ ìlú, ọba àti iwin kún ogójì ojú ìwé àkọ́kọ́, mo bá pa á dé. N kò fẹ́ kàn kọ "kò dùn" kí n sì kọjá. Kí lẹ fi ń mọ ìwé tí wọn kò kọ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò kàn bá ni lára mu?

Tọ́sẹ̀_Ọ̀daràn:
Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni màá dáhùn. Pé ẹ tètè mọ ọ̀daràn kò ní kí ìwé náà burú. Ọ̀nà tí ẹ gbà mọ̀ ọ́n ni ká yẹ̀ wò. Bí ẹ bá to àmì pọ̀ ni, bíi ẹni tó ní òun kò jáde nílé tí bàtà rẹ̀ sì tutù lẹ́nu ọ̀nà, òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìtàn, tí wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ ṣáá, àléébù ìhun ìtàn nìyẹn.

Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í bo àmì mọ́lẹ̀, àárín ẹrù ló máa ń tò ó sí. Bí ó bá ka nǹkan mẹ́fà tó wà lórí tábìlì olóògbé, ẹ wo ìkẹta àti ìkẹrin dáadáa, torí ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ló máa ń dúró lọ́kàn ẹni. Ọgbọ́n kejì ni pé kó sọ àmì tán, kí igbe ta lójijì, kí òǹkàwé gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Torí náà, bí ẹ bá parí ìwé, ẹ padà sí orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí àmì bá wà níbẹ̀ tí ojú yín kàn fò ó, kò sí ẹjọ́. Bí ẹ̀rí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní orí tó kẹ́yìn, bí ìbejì ọ̀daràn tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà rí, ẹ kọ ọ́ gbangba pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ronald Knox, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ irú ìwé yìí, to òfin mẹ́wàá sílẹ̀ ní 1929: ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti yọjú níbẹ̀rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀daràn, àmì tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn náà wà níbẹ̀!

Ẹ ṣọ́ra o, kì í ṣe gbogbo ìtàn ọ̀daràn ló ń béèrè ta ló ṣe é. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ (1969), ìlépa ló gbé e. Ẹni tó bá kà á bí àlọ́ àpamọ̀, òun ló ṣi ìwé kà.

Ewé_Ìwé:
Ti ìfẹ́ ńkọ́? Ẹ kọ ohun tó ń dí àwọn méjèèjì lọ́wọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan bá lè tú u, ẹ wá ìdí tí wọn kò fi lè jókòó: ìtìjú, ìbúra, ẹni tó ń gba lẹ́tà mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá rí ìdí kankan, òǹkọ̀wé kàn ń fa ìwé gùn ni.

Ẹ fi Pride and Prejudice (1813), ìwé ìfẹ́ tí Jane Austen kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wé e. Orí 61 ló ní. Ní orí 35 ni lẹ́tà tí Darcy kọ sí Elizabeth, obìnrin tó fẹ́ fẹ́, ti tú àṣìyé tó ṣe kókó jù, síbẹ̀ ìtàn ò tán, torí ìgbéraga àti ìkánjú-dájọ́ tó wà nínú àwọn fúnra wọn ni ìdènà gan-an. Ìyẹn ni tiyín kò ní.

Onígègé:
Lórí ti àràmàǹdà, orúkọ púpọ̀ kọ́ ni wàhálà. Ẹ mú ojú ìwé mẹ́wàá, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ tuntun, kí ẹ wo iye tó ṣe nǹkan kí ojú ìwé márùn-ún tó kọjá. Èyí tí kò ṣe nǹkan kan, ẹrù ni. Ẹ tún wo bí orúkọ wọn bá ń fi lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lojú fi ń dá wọn mọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ẹ̀dá abàmì pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n Àkàrà-oògùn ń pàdé wọn níkọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó bá ti pàdé Àgbákò kò ní béèrè ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Tọ́sẹ̀_Ọ̀daràn:
Onígègé, mo gbà, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fi ogójì ojú ìwé ṣèdájọ́ odindi ìwé.

Onígègé:
Ìwé kọ́ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé ojú ìwé 40 ni àwọn dúró sí. Bí ìwé bá sì jẹ́ ìtumọ̀ láti èdè mìíràn, kí wọ́n dárúkọ atúmọ̀, torí gbólóhùn tó ń kọsẹ̀ lè máà jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọ̀daràn. Ẹ kàn sọ orí tí ẹ ti mọ̀ ọ́n.