Wọ́n dọ́gba, wọn ò bára mu

Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí á máa pe iṣẹ́ sísọ ohun púpọ̀ di oríṣi kan náà ní "ìmúdọ́gba". Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n kí n tó jiyàn: ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ síbẹ̀.

Ìwọ̀n ni "dọ́gba" ń sọ. Bí mo bá dé Ọjà Ọba ní Ìlọrin, tí wọ́n wọn ìrẹsì múdù kan fún mi, tí wọ́n tún wọn ẹ̀wà múdù kan, méjèèjì dọ́gba. Ṣé ẹ̀wà wá di ìrẹsì ni?

Ẹ lọ wo àwọn ahunṣọ òfì wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ náà ń jáde lórí òfì, wọ́n á sì rán an pọ̀ kó tó di ìró. Mo jókòó ti baba kan lọ́jọ́ kan. Ó na aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sórí itan, ó fi àtàǹpàkò tọ etí wọn wálẹ̀. Gígùn wọn ò yàtọ̀, síbẹ̀ ó fa ọ̀kan yọ, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọnà ara rẹ̀ ti sá sókè bí ìbú ìka kan. Ó ní, "Wọ́n dọ́gba o, wọn ò bára mu ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba "ìmúbáramu".

Ẹnìkan ní "ìsọdọ̀kan" ńkọ́? Rárá o. Igba bọ́tìnnì lè jọra, wọn ò lè dọ̀kan. Ànkóò nìkan ló fẹ́ ṣẹ́gun mi: igba èèyàn nínú aṣọ kan náà, kálukú ṣì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Àmọ́ ta ló fẹ́ ka "ìsọdànkóò" nínú ìwé ìjọba?

Ti èdè tún yàtọ̀. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, "aiya" di "àyà", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n". Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kọ yìí là ń pè ní àjùmọ̀lò. Ọmọ Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán ń kọ ọ́, ọmọ Ìbọ̀lọ́ láti Ọ̀fà ń kọ ọ́, bí wọ́n bá sì délé, kálukú a máa sọ ti ìyá rẹ̀. Kò sí ohun tó dọ́gba níbẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n kò bá fẹ́ kí "ìmúdọ́gba" ṣòfò, kí wọ́n gbé e lọ síbi owó oṣù àti ogún pípín. Ibẹ̀ la ti ń wá a.