Màmá wa ò lọ sọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Elélùbọ́:

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Elùbọ́ tí wọ́n ń tà ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ni wọ́n fi rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níléèwé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á ti dúró síbi tí ọkọ̀ Ṣakí ti ń já ẹrù. Nígbà tí orúnkún wá ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí dókítà tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ní ó tó gẹ́ẹ́. A kó wọn wá sọ́dọ̀ mi l'Ákóbọ̀. A gba ọmọ tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn, a ra tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà, owó ń wọlé láti Houston lóṣooṣù. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àtìgbà náà ni wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Orí àga tí mo fi wọ́n sí láàárọ̀ náà ni mo máa ń bá wọn tí mo bá tibi iṣẹ́ dé. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ tiẹ̀, wọn ò wò ó. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn nídìí àpò elùbọ́ tí mo rà wálé. Wọ́n bù ú, wọ́n ń fi ìka ra á, wọ́n gbé e símú, wọ́n ní, "Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ti èṣí ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ tuntun." Kẹ́ ẹ wá wo ojú wọn bó ṣe ń dán! Mi ò tíì rí irú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ogbó ló dé. Èmi ò gbà. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ti ṣèwádìí lórí ohun tó ń mú kí ayé dùn mọ́ arúgbó. Kí ni wọ́n rí? Ṣé kí n dá wọn padà sọ́jà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n gbàdúrà, à ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Saikọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kàn yín níbẹ̀.

Ẹ ò tiẹ̀ ní láti rìn jìnnà. Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn wá àwọn àgbàlagbà 2,152 rí, ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, láti Èkó títí dé Kwara àti Kogi. Wọ́n bi wọ́n nípa àìsàn, owó, ẹbí, ọ̀rẹ́, àti ohun tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ ṣe ládùúgbò. Ìlera ṣe pàtàkì, owó náà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yọjú ṣáá ni bóyá èèyàn ń kópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àwùjọ. Kíkópa ni mo wí. Ilé lè kún fọ́fọ́ kí àgbà má sì sí nínú ohun kankan tó ń lọ níbẹ̀.

Obìnrin kan tún wà ní Yunifásítì Wisconsin, Carol Ryff. Lọ́dún 1989 ó pín àlàáfíà ọkàn sí ọ̀nà mẹ́fà, ó sì fi wọ́n wé ara wọn láàárín ọ̀dọ́, àgbà àti arúgbó. Méjì ló rí pé ó rẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó: kéèyàn ní ohun tó ń torí ẹ̀ jí láàárọ̀, àti kéèyàn rí i pé òun ṣì ń kọ́ nǹkan tuntun. Mímọ bí a ti ń darí àyíká ẹni kò rẹlẹ̀ ní tiwọn. Ẹ wá wo màmá yín. Obìnrin tó mọ gbèsè gbogbo oníbàárà lórí, tí kò kọ ọ́ sínú ìwé, kò mọ ibi tí wọ́n gbé iyọ̀ sí nílé yín.

Ní Chicago, Patricia Boyle àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tọ pa àwọn arúgbó tó lé ní 900, àwọn kan nínú wọn títí di ọdún méje. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2010 fi hàn pé àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ wà láyé ní àǹfààní ìlọ́po 2.4 láti bọ́ lọ́wọ́ àrùn Alzheimer, èyí tó ń gba ìrántí lọ́wọ́ àgbà, ju àwọn tí tiwọn lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ má sọ ọ́ di oògùn o. Ó lè jẹ́ pé àrùn tó ti ń yọ́ wọlé ló kọ́kọ́ ń mú kí ayé sú èèyàn.

Kó tó di ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ gbé wọn lọ rí dókítà. Nínú ìwádìí Ìbàdàn yẹn, 26.2% ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le nígbà kan rí láyé wọn, 7.1% sì ní in láàárín ọdún kan péré. "Ọjọ́ ogbó ló dé" tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí yẹn ni kì í jẹ́ ká tètè rí i. Oorun wọn ńkọ́?

Ìyá Ìjẹ̀bú:

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. O bi ẹ̀gbọ́n ẹ léèrè, o bi dókítà, o wá bi àwa tí o ò mọ̀ rí. Ìyá ẹ ńkọ́? Ta ló bi wọ́n?

Ẹni ọdún 71 ni èmi náà. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í já báàgì gbà lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé apá mi náà ti fẹ̀yìn tì. Ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wa ló yọ mí. Èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí, ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó, mo ní láti bá a jókòó kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù mi díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi.

Ta ni ìyá ẹ ń bá dá àjọ báyìí? Ta ló ń wá bi wọ́n ní ohunkóhun?

Dẹ̀rẹ́bà Òṣogbo:

Ẹ rọra o. Bàbá mi wa tírélà títí irun orí wọn fi funfun. Lónìí wọn ò fẹ́ rí ìdí ọkọ̀ sójú, nídìí ayò ni wọ́n ń wà látàárọ̀, kò sì sẹ́ni tí ara ẹ̀ yá tó tiwọn. Iṣẹ́ ẹlòmíì ò fún un ní nǹkan kan ju ẹ̀yìn dídùn lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó tó wà lọ́jà, àìsí owó ìfẹ̀yìntì ló há wọn mọ́bẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ oyìnbó bo ìyà mọ́lẹ̀, kó máa pè é ní ìtumọ̀ ayé.

Aṣètọ́jú Manchester:

Òótọ́ ni bọ̀dá Òṣogbo sọ, àmọ́ ayò náà, bàbá ló yàn án.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ìwádìí kan tí Ellen Langer àti Judith Rodin ṣe ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Connecticut, tí wọ́n gbé jáde ní 1976. Wọ́n sọ fún àwọn arúgbó kan pé ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ ara wọn wà, wọ́n ní kí wọ́n mú òdòdó tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì máa bomi rin ín fúnra wọn. Ti àwọn yòókù, nọ́ọ̀sì ló bá wọn bomi rin ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara àwọn ti àkọ́kọ́ ti yá ju ti àwọn kejì. Ìwádìí kékeré ni, àwọn kan sì ń jiyàn lé e lórí, àmọ́ ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́ kò jìnnà sí i. Màmá kan láti Jàmáíkà wà lọ́dọ̀ wa tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfìgbà tí a ní kí wọ́n wá tọ́ ìrẹsì wa wò, pé kò dùn. Èébú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀!

Àǹtí, ẹ dá ọmọ tó ń se oúnjẹ yẹn dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá máa rán an níṣẹ́.

Ọmọ Elélùbọ́:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìjẹ̀bú, ẹ ṣeun mà, mo ti bi wọ́n.

Kì í ṣe jíjókòó sínú oòrùn ló ń wù wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ fẹ́ gbé kọ́ńgò mọ́. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọmọbìnrin tí a fi ìsọ̀ fún kì í wá bi wọ́n tí ẹrù bá dé, pé elùbọ́ tí wọn ò tíì lọ̀ ló ń rà láìṣẹ́ ẹ wò, yóò sì ba orúkọ àwọn jẹ́. Wọ́n tún fẹ́ máa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ elélùbọ́. Wọ́n ní Houston ò bi àwọn kó tó já wọn kúrò lẹ́gbẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi tí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo jáde kúrò ní yàrá, àmọ́ mo gbọ́ "ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Oorun wọn kò dáa, Olùkọ́. A máa rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí ẹrù bá ń dé nìkan ni wọ́n máa lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n dá iye sí i, kí wọ́n padà sílé. Irú àga wo ló dáa fún ẹni tí orúnkún ń dùn?

Dẹ̀rẹ́bà Òṣogbo:

Ti onígi tó ní ibi ìgbápálé lọ́tùn-ún lósì, kí ìjókòó ẹ̀ ga díẹ̀ kí orúnkún má baà ká jù. Gbẹ́nàgbẹ́nà á kàn án fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ o.