Kí ni ikàn ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Fuji?

Àdùkẹ́_Peckham:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Òjò ló lé mi wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé, ni mo bá rí àwòrán Japan kékeré kan tí wọ́n fi pátákó igi tẹ̀. Òkè Fuji wà níbẹ̀, àwòdì wà níbẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ikàn mẹ́ta nísàlẹ̀, ikàn ọbẹ̀! Wọ́n kọ ewì sí i lókè, mi ò lè kà á. Èmi náà máa ń fín lino (ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí wọ́n ń fín láti fi tẹ àwòrán), ìyẹ́ àwòdì yẹn ló tún rú mi lójú: funfun ni, kò sí tàdáwà lára rẹ̀, síbẹ̀ ó wú sókè. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Baba_Kyoto:
Àdùkẹ́, o pa mí lẹ́rìn-ín. Àlá àkọ́kọ́ lọ́dún tuntun lo rí yẹn: Fuji ni kìíní, àwòdì ni kejì, ikàn ni kẹta. Ẹni tó bá lá wọn, wọ́n ní ọdún á sàn án. Ọ̀rọ̀ èdè Japan ni wọ́n fi ń ṣeré. Nasu ni ikàn, nasu náà ni kéèyàn ṣe nǹkan yọrí. Taka ni àwòdì, taka náà ni gíga.

Ó jọ pé surimono ni. Wọn kì í tà á lọ́jà. Láyé àtijọ́, àwọn ẹgbẹ́ akéwì kyōka, ìyẹn ewì ẹ̀fẹ̀, ní Edo (tó di Tokyo lónìí, kì í ṣe Ẹ̀dó ti Bìní o) ló ń náwó sí i, tí wọ́n á bẹ ayàwòrán bíi Hokusai tàbí Gakutei níṣẹ́, tí wọ́n á sì fi ta ara wọn lọ́rẹ lọ́dún tuntun. Nítorí pé kì í ṣe ọjà títà, wọn kì í ṣahun: bébà tó nípọn, lúbúlúbú idẹ àti ti fàdákà. Ewì yẹn lè má dárúkọ ikàn rárá. Ìwọ lo máa so wọ́n pọ̀.

Akéwì Japan kan, Yukihira, kéwì láyé àtijọ́ pé bí òun bá gbọ́ pé ẹ ń retí òun, bí igi páìnì orí òkè Inaba, òun á padà kíá. Matsu ni páìnì, matsu náà ni kéèyàn máa retí ẹni. Torí náà, bí o bá rí obìnrin tó dá dúró lábẹ́ páìnì nínú àwòrán wọn, má bi mí pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Afíngi_Òṣogbo:
Karazuri ni ti ìyẹ́ yẹn. Wọ́n á fín in sára igi ṣẹ́rì, wọn ò ní kun àwọ̀ kankan sí i, wọ́n á wá tẹ bébà tútù mọ́ ọn gidigidi. Mo fi lino dán an wò, bébà mi ya lẹ́ẹ̀mẹta. Wá èyí tó nípọn, sì rẹ ẹ́ mọ́jú.

Ọmọ_Aláró:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ ni? Ológbò míì, ológbò lásán ni.

Baba_Kyoto:
Òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́dún 1765, ayàwòrán Japan kan, Harunobu, ya obìnrin tó ń sáré ká aṣọ nígbà òjò. Nọ́ńbà àwọn oṣù tó gùn (ọlọ́gbọ̀n ọjọ́) lọ́dún náà ló fi pamọ́ sínú ọnà aṣọ tó wà lórí ọ̀pá! Kàlẹ́ńdà ni, ó kàn ń ṣe bí àwòrán lásán ni.

Àdùkẹ́_Peckham:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Àrokò owó ẹyọ mẹ́fà ló sọ sí mi lọ́kàn: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ̀yin Afíngi, bébà tútù mọ́jú, mo ti gbọ́. Mò ń padà lọ ní Sátidé, màá lọ wo ìyẹ́ yẹn láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí iná ti ń tàn sí i.